Ọkọ Ló Lọ Tàbí Ọkọ̀?

Ìwà kan ṣoṣo ló ba ọmọbìnrin yìí jẹ́: kì í gbà pé nǹkan kan wà tí òun ò mọ̀. Àwọn àgbàlagbà kan á sọ fún yín pé ìwé ìfẹ́ ló bà á jẹ́. Irọ́ gbuu ni. Ká ní ó ń ka àwọn ìwé náà ni, ì bá má rí ohun tó rí.

Ilé ìtàwé kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́, àwọn ìwé tí ọmọkùnrin ti ń yọjú wo ọmọbìnrin láti fèrèsé kíláàsì, tí ọ̀rẹ́ ń dalẹ̀ ọ̀rẹ́, tí ìyá ń já lẹ́tà onílẹ́tà kà. Àǹtí Kàáwò ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é, nítorí bó bá ti fi ìwé lé ọmọ lọ́wọ́, ohun tó máa sọ ni pé, "Kà á wò, wàá padà wá dúpẹ́." Ó lẹ́nu, kò sí àní-àní. Ó tún ń sọ̀rọ̀ ìwé lórí fóònù, àìmọye ọmọ ló sì ń tẹ̀ lé e níbẹ̀. Ìyá Oníwèé, obìnrin tó ni ilé ìtàwé náà, fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun fún ìwé àwọn ọ̀dọ́, ó sì ti ṣèlérí láti fi Kàáwò ṣe ọ̀gá ibẹ̀.

Àṣé ó ti tó ọdún méjì tí Kàáwò ti ka ìwé kan parí gbẹ̀yìn. Nígbà tí òkìkí dé, ó ní àyè ò sí mọ́. Á wo àwòrán iwájú, á wo ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, á tẹ́tí sí ohun tí àwọn ọmọ ń sọ nídìí káńtà, á wá fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, síbẹ̀ ojú olójú ló fi ń kàwé, ẹnikẹ́ni ò sì tíì mú un.

Lọ́jọ́ kan, ìwé tuntun kan dé. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ ọ́, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ àkọlé rẹ̀ láìfi àmì kankan sí i: OKO TO LO. Ọmọbìnrin kan tó káwọ́ lérí ló wà níwájú rẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ló wà lẹ́yìn: "O LO, KO DURO DE E. KI NI YOO SE?" Kàáwò mi orí. Ọkọ ló lọ yìí o, àwọn ọkùnrin ò ṣeé gbára lé.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé fóònù síwájú. "Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí kì í ṣe tiyín. Ìwé adélébọ̀ ni. Ọkọ kó ẹrù, ó fìyàwó sílẹ̀. Mo sunkún títí aṣọ mi fi tutù." Ni àwọn ọmọ bá fi ìwé náà sílẹ̀. Àwọn adélébọ̀ ló rà á, àwọn náà sì ń dá a padà tìbínú-tìbínú, pé ọmọ ilé ìwé làwọn bá nínú rẹ̀. Kàáwò ò tilẹ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wí. Ó ní wọn ò mọ ìwé kà ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tí Ìyá Oníwèé fẹ́ kéde ọ̀gá tuntun, àwọn ọmọ kún ilé ìtàwé fọ́fọ́. Nọ́ọ̀sì náà wá láti ibi iṣẹ́ tòun taṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè sọ̀rọ̀, ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, èmi ni mo kọ ìwé tí ẹ ní ẹ sunkún lé lórí. Ọkọ ta ló lọ?"

"Ọkọ ọmọbìnrin inú ìwé."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò lọ́kọ. Ọkọ̀ ojú irin ló lọ. Ọkọ̀ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ibẹ̀ ló ti pàdé ọmọkùnrin kan tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ bíi tiẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ fún irú àwọn ọmọ tó jókòó síbí yìí, ẹ sì ti lé wọn kúrò nídìí rẹ̀."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Kàáwò ò kúnlẹ̀ rárá. Ó na ìwé náà sókè. "Òǹkọ̀wé lè máà mọ ìjìnlẹ̀ ohun tó kọ. Ọkọ̀ yẹn, ọkọ ló dúró fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á."

"Ọmọ mi," Ìyá Oníwèé rọra sọ, "ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìwé yẹn ò tíì já. Sọ pé o ò tíì kà á. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Sọ ọ́, ká máa bá iṣẹ́ wa lọ."

"Mo kà á, mà. Ẹni tí kò bá gbà, kó má gbà."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ìyá Oníwèé fi obìnrin tó ń to ìwé ìṣirò ṣe ọ̀gá ẹ̀ka tuntun. Kàáwò kó ẹrù rẹ̀ àti ìwé náà lójú gbogbo wọn, ó gbórí sókè, ó ní àwọn ọmọ òun ń bẹ lórí fóònù, wọn ò lè fi òun sílẹ̀.

Nígbà tó délé, ó fa ọ̀rá náà ya kó lè wá àléébù nọ́ọ̀sì. Kò tíì ka ogójì ojú ìwé tó fi gbàgbé àléébù. Nígbà tó dé ibi tí àwọn ọmọ méjèèjì ti jókòó lórí àpò wọn, tí wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè ìdánwò tí wọn ò lè ṣe mọ́, omi dà lójú rẹ̀, ojúlówó omijé. Ó kà á délẹ̀. Ó tan fóònù. "Ẹ kà á, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin gan-an ni nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ fún."

Ṣùgbọ́n ìròyìn ọjọ́ Sátidé ti dé ibi gbogbo. Ọmọ àkọ́kọ́ dáhùn pé, "Ṣé ọkọ tún ti lọ ni?" Èkejì ní, "Iwájú lẹ kà àbí ẹ̀yìn?" Ó kọ ọ́ pé òun kà á. Ó búra. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó ń búra, títí tí kò fi sí ẹyọ ẹnì kan tó ń dá a lóhùn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé ìfẹ́, ẹ máa kà á, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni, ẹ sì máa júwe rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á. Ẹni tó ń júwe ohun tí kò rí ń fi ẹnu ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, "n ò tíì kà á" kò wúwo lẹ́nu, kò sì pa ẹnikẹ́ni rí. Òpùrọ́ tó bá fi agídí kún irọ́ kì í pàdánù ipò nìkan. Lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá jàjà jáde lẹ́nu rẹ̀, kò ní rí ẹni tó máa gbà á gbọ́.