Ọjọ́ Tí Ohùn Bàbá Ọlábọ̀dé Padà

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Morónfólú to àwọn fóònù inú ilé sójú fèrèsé kí wọ́n lè mu oòrùn gba iná, kí wọ́n sì ṣe àpúdéètì tó ń fi ìmọ̀ tuntun kún tiwọn, bí gbogbo ará Ìlárá ti máa ń ṣe.

Ọdún mẹ́ta rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀, Bàbá Ọlábọ̀dé. Kíkùn nìkan ló ń jáde. Nígbà tí fóònù ọkọ rẹ̀ parí àpúdéètì, Morónfólú fi í kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn.

Fóònù ní, “Mo ti lè gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ báyìí, mà.”

Ọkọ rẹ̀ kùn, ohùn rẹ̀ àtijọ́ sì dún jáde ketekete láti inú fóònù:

“Ìyá Ọlábọ̀dé, iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù! Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ ọ́, àmín lò ń ṣe.”

Morónfólú bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá Ọlábọ̀dé. Mo ṣe bí ẹ ń ṣàdúrà fún mi ni.”

“Mo ń ṣe é náà. Mo ní kí Ọlọ́run dá ọ sí fún mi.”

Ọbẹ̀ ọjọ́ náà kò tètè jiná, nítorí ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu àwọn méjèèjì.