Ìgò Ajílẹ̀ Prodyot Lahiri

Ọdún kẹfà rèé tí ife ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ewéko sínú àpótí dígí ẹja ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù Prodyot Lahiri, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àríwá Kolkata. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀meje ló ni ín títí ayé. Ìdíje keje ku ọjọ́ mẹ́rin.

Prodyot ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní kẹ́mísírì kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì rí ẹni tí kò kà sí òpè. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń bu ajílẹ̀ funfun láti inú ìgò onídèérí pupa kan sínú omi àpótí dígí rẹ̀. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára ìgò náà pé: Oúnjẹ Ewéko, Òpè Má Fọwọ́ Kàn Án. Àwọn ewéko náà tutù yọ̀yọ̀, òmíràn pupa bí ata, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì ń wọ àárín wọn, wọ́n ń jáde.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú. Nibaran tó ń gbé nísàlẹ̀, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, kó tó fẹ̀yìn tì, náà ti ra àpótí dígí. Àṣàkù ewéko ló ń ṣà ní ọjà Galiff Street lọ́jọ́ Àìkú. Síbẹ̀, lóṣù tó kọjá, akọ̀wé ẹgbẹ́ dúró síwájú àpótí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní, “Èyí náà ń bọ̀ o.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tapati ìyàwó Prodyot gbé abọ́ kan wọlé.

“Kí ni wọ́n tún kó sínú ìyẹn?”

“Ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Mo gbé ìrẹsì onímílíìkì fún wọn lánàá, ni Bakul ìyàwó Nibaran bá gbé abọ́ wa padà wá.”

“Ọsàn mẹ́ta! Ọ̀kan tiẹ̀ ti ń rà. Ṣé wọn ò lè dá abọ́ padà bí abọ́ ni?”

“Ta ló ń dá abọ́ padà lófìfo, Bàbá Mithu? Ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.”

Prodyot yínmú. “Ilé wọn ni ò sí nǹkan kan. Kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, Nibaran gun òkè wá. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Etí ewéko mi ń pọ́n. Kí lẹ̀ ń fún tiyín jẹ?”

“Kí ni ìwọ ń fún tìẹ?”

“Omi tí Bakul bá fi fọ ẹja, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

Prodyot rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Ohun tí ológbò ń jẹ lò ń fún ewéko! Dúró síbẹ̀. Má wọlé.”

Ó mú òfìfo ìgò onídèérí pupa kan, ó gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ lọ, níbi tí Tapati ń kó ohun ìfọṣọ sí. Sódà tó máa ń bó Tapati lọ́wọ́ ló bù sínú ìgò náà títí ó fi kún. Ó funfun bí ajílẹ̀ gan-an. Ó kọ “Oúnjẹ Ewéko” sára rẹ̀, ó sì rọra kọ ọ́ kó dára.

“Ṣíbí mẹ́rin láàárọ̀ Sátidé, káwọn adájọ́ tó dé. Kó o wá faṣọ bò ó. Ìgò mi ni o! Kíwọ àti ìyàwó ẹ dà á sínú ìwé, kẹ́ ẹ dá a padà kó tó di ọjọ́ ìdíje, kẹ́ ẹ má lọ fi í rọ òróró.”

Nibaran fi ìgò náà kan iwájú orí. “Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó ṣe irú èyí fún mi rí.”

“Mo mọ̀,” ni Prodyot wí.

Nígbà tí ó jí láàárọ̀ Sátidé, ó rí i pé ìgò ajílẹ̀ rẹ̀, tó ti dé ìdajì lánàá, ti kún. Ó wo Tapati tó ń gé ọ̀dùnkún. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, obìnrin yìí ti wá mọ̀ pé ohun tó bá ń tán là ń bù kún. Kò dúpẹ́. Ó bu ṣíbí mẹ́rin tó kún dáadáa sínú omi. Kò pẹ́ tí àwọn ẹja fi gòkè wá, tí wọ́n ń la ẹnu.

“Ẹ mọ ọ̀gá yín,” ló wí. Ó fi aṣọ funfun bò wọ́n.

Aago mẹ́wàá ni àwọn adájọ́ mẹ́ta dé. “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀,” ni Prodyot wí, “ká lè fi ohun gidi parí ẹ̀.” Òun ló ṣáájú wọn. Ó ti mú ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn lọ́wọ́ kó tó kanlẹ̀kùn.

Nibaran ká aṣọ kúrò. Etí ewéko rẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ dúró ṣinṣin, àwọn ẹja sì ń rìn gbẹ̀fẹ́. Adájọ́ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

“Nibaran,” ni Prodyot wí, “ṣíbí mẹ́rin tí mo ní kó o fi sí i ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò tíì lò ó, torí kò yẹ kí n fi oúnjẹ yín bá yín díje, mo ní kó di lẹ́yìn òní, àmọ́ nígbà tí Bakul fẹ́ dá ìgò yín padà nírọ̀lẹ́ àná, ọsàn ti tán nílé, kò sì lè dá a padà lófìfo, ló bá da ìdajì oúnjẹ náà padà sínú ẹ̀, ojú ẹ̀ báyìí ni Màmá Mithu sì ṣe dà á kún tiyín.”