Bátìrì Pupa Inú Ọkọ̀ Stereden

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

1. Ní èbúté Concarneau tí mò ń gbé, létí òkun ilẹ̀ Faransé, ìbejì kan wà, Gwendal ọkùnrin àti Rozenn obìnrin. Nígbà tí bàbá wọn kú, ó fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan sílẹ̀ fún wọn, Stereden. Bátìrì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Méjì wà fún iná àti rédíò. Ẹ̀kẹta, tí bàbá fi ọ̀dà pupa kùn, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó ṣáná sí ẹ́ńjìnì lọ. "Ẹ má fọwọ́ kan pupa," ni ọkùnrin náà ń sọ títí tó fi kú.

2. Gwendal ra fíríìjì sínú ọkọ̀. Fíríìjì o, nínú ọkọ̀ tí èèyàn kò lè na ẹsẹ̀ tán! Àwọn bátìrì méjì náà ti gbó, ló bá lọ ra ti mọ́tò dípò wọn. Fíríìjì fà wọ́n gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá fi wáyà so pupa mọ́ wọn.

"Bátìrì mọ́tò lo rà yẹn," ni Rozenn wí. "Agbára ẹ̀ẹ̀kan ló ní, kò lè bọ́ fíríìjì látàárọ̀ dalẹ́. O tún wá fi ti Bàbá kún un?"

Gwendal fèsì pé, "Mẹ́ta ò ju méjì lọ ni? Ẹ bá mi wo Ìyá Oníwáyà!"

Gbogbo wa tó wà létí omi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí títí dòní.

3. Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, wọ́n lọ sí erékùṣù Glénan. Ọtí ápù tutù nini, orin ń lọ lórí fóònù Gwendal. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọkọ̀ lọ sórí àpáta.

Gwendal yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́! Ó tún yí i. Kẹ́! Bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú. Rédíò kú. Orin ti pa fóònù, Rozenn sì ti gbàgbé tirẹ̀ sílé.

"Rozenn, mo ti pa ọkọ̀ Bàbá," ló wí. Ó ń sunkún.

"Ju ìdákọ̀ró sómi! Ẹkún dọ̀la."

4. Ìdákọ̀ró wọ́, ó wọ́, ó wá mú iyanrìn. Àpáta kò jìnnà mọ́. Rozenn wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó tú wáyà, ó yọ pupa kúrò lára àwọn tó fà á gbẹ, ó sì so sólà kékeré orí ọkọ̀ mọ́ òun nìkan. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sí àyà rẹ̀.

"Mú un wá, ká tún dán an wò!"

"O ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré la máa yí i. Ìwọ̀nba tí oòrùn bá bù fún un, ṣé o tún fẹ́ gbé e mì ni?"

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Lójijì, ìdákọ̀ró tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

"Rozenn!"

"Mo rí i." Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kójú ó tì mí."

Ó yí i. Ẹ́ńjìnì wúkọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì bú ramúramù! Àwọn méjèèjì pariwo títí ohùn wọn fi há.

5. Nígbà tí wọ́n dé èbúté, Gwendal ló dúró níwájú ọkọ̀, ó ń kígbe pé, "Rozenn ló gbé wa dé o! Èmi ni òmùgọ̀!" A pàtẹ́wọ́ fún Rozenn títí ọwọ́ fi ń ta wá. Fíríìjì náà ti wà nílé ìyá wọn báyìí, bọ́tà ló wà nínú rẹ̀. Gwendal fọwọ́ ara rẹ̀ tún bátìrì náà kùn ní pupa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, bóyá ẹ ò ní ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní ohun kan tí ẹ fi pa mọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Ẹ má fi bọ́ fàájì o! Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.