Orí Bátìrì Tí Kò Ṣeé Tú

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín ti dá yín lójú débi pé etí yín kò gba ìmọ̀ràn mọ́.

1.
Mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Kò-Ní-Tú. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgò gúlúù pupa kékeré kan ló fún un lórúkọ. Bó bá ti kán gúlúù yẹn sí bóòtù, tó sì dè é, kò sí bí mọ́tò ṣe lè gbọ̀n tó tí yóò tú. Ní ti bóòtù ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

2.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, èyí tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Ilé-ìwé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á pé kó máa gbé àwọn ọmọ lọ sílé, ọjọ́ Ajé ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bátìrì máa ń tú lójú ọ̀nà gbágungbàgun, bọ́ọ̀sì á sì kọ̀, kò ní sítáàtì.

"Àbúrò mi, ṣé kò ní dójú tì mí lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó kán gúlúù sí bóòtù orí bátìrì méjèèjì. Ó tún fi pa ojú wáyà tí wọ́n dè mọ́ ara bọ́ọ̀sì, ó dè é pinpin.

Bàbá Ríwáyà, tó ń tún iná mọ́tò ṣe nínú ọgbà mẹkáníìkì kan náà, dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. "Kò-Ní-Tú, irin gbọ́dọ̀ kan irin kí iná tó kọjá. Tí gúlúù yẹn bá gbẹ sáàárín wọn, ó ti dínà nìyẹn. Fi sáńpépà ha á, fi wọ́ṣà, òrùka irin pẹlẹbẹ yẹn, sí i, ó tán."

Kò-Ní-Tú bú sẹ́rìn-ín. Ó yí kọ́kọ́rọ́, bọ́ọ̀sì sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. "Baba, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Ayé ti kọjá sáńpépà."

Gúlúù kò tíì gbẹ ni o.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Nígbà tí ilé-ìwé parí, ọmọ mẹ́rìndínlógún ti jókòó. Ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó dún kẹ́, ó dákẹ́. Àwọn òbí ń wò.

Ẹ̀gbọ́n sọ àwọn ọmọ kalẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀. Sípánà kò tú bóòtù tó de wáyà mọ́ ara bọ́ọ̀sì. Ojú ti Kò-Ní-Tú láti pe Bàbá Ríwáyà, ló bá tan iná gáàsì sí i, torí iná nìkan ló ń mú gúlúù yẹn rọ̀. Gúlúù rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ àwọn wáyà tó wà nítòsí ti yọ́. Wáyà kan irin, ó ń ta iná pàrà, bọ́ọ̀sì sì gbiná.

"Yọ orí bátìrì! Yọ ọ́!" Ẹ̀gbọ́n figbe ta.

Orí bátìrì wo? Ṣebí gúlúù wà níbẹ̀ náà. Ó fi sípánà lù ú, ó fi ọwọ́ fà á. Kò tú.

Ọlọ́run ṣeun, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Bọ́ọ̀sì jó kanlẹ̀, ilé-ìwé sì pe onímọ́tò mìíràn lọ́jọ́ kejì.

4.
Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ìyẹn ló dun Kò-Ní-Tú jù.

"Gúlúù kọ́ ló ń dùn mí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Bàbá ń bá ẹ sọ̀rọ̀, kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má ṣe jẹ́ kí gúlúù bóòtù dé ibi tí iná ń gbà kọjá. Ẹ ha á kó mọ́, ẹ fi wọ́ṣà dè é. Bó bá sì kọjá agbára yín, ẹ pe ríwáyà, kò ní kí ẹ má jẹ́ ọ̀gá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.