Ìbọn Tó Ju Èjìká Ládépọ̀ Lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ kì í gbà pé nǹkan ń dùn yín.

1.
Ẹnjiníà ni Ládépọ̀ ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo nílùú Houston, ní Amẹ́ríkà. Dèjì, àbúrò ìyàwó rẹ̀, máa ń ṣọdẹ lọ́dọọdún. Òun ló ní kí àwọn jọ lọ sí Alaska lọ pa múùsì, ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín àmọ́ tó ga ju ẹṣin lọ. Inú Ládépọ̀ dùn débi pé kò lè jókòó sójú kan mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn, Dèjì nawọ́ sí ọ̀kan tó mọ níwọ̀n.

"Bọ̀ọ̀dá, this one is okay. Á pa múùsì, kò sì ní máa gbá yín léjìká. Ọta tó wúwo ni kí ẹ rà sí i, kó lè wọlé dáadáa."

Ojú Ládépọ̀ ti wà lára èyí tó tóbi jù níbẹ̀. "Èmi tí mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ, ìbọn ọmọdé lo fẹ́ kí n gbé?"

Dèjì rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kó ra èyí tó tóbi náà. Ta ló fẹ́ bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn níwájú òyìnbó?

2.
Ládépọ̀ nìkan lọ dán an wò ní pápá ìyìnbọn kan lápá Humble. Ìbọn náà gbá a bí ẹni tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta nípàá. Nígbà tó máa yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti dijú kó tó fà á, ọta sì gba ibòmíì lọ. Ó palẹ̀ mọ́, ó lọ sílé.

Fẹ̀hìntọlá ìyàwó rẹ̀ rí i pé kò lè gbé apá wọ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀ṣì.

"Dépọ̀, lọ pààrọ̀ ìbọn yẹn. Tàbí kí o sọ fún Dèjì."

"Kó wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Please, má sọ fún un."

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ń dìde, ó ń jókòó. Níkẹyìn, ó dọ́gbọ́n tó burú: ó ra ọta fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún ẹran kékeré, torí ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbáni. Nígbà tí Dèjì pè é láti bèèrè bóyá ó ti dán ìbọn rẹ̀ wò, ó ní, "Ó péye, jàre."

3.
Ní Alaska, múùsì kan jáde látinú igbó, ó dúró.

"Tiyín ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ rọra."

Ládépọ̀ na ìbọn sí i. Ó dijú, ó fà á. Ọta ba ẹran náà léjìká, ó fọ́ sára egungun, kò wọlé. Inú bí múùsì, ó sáré bọ̀, Dèjì ló sì wà lọ́nà rẹ̀. Kí Dèjì tó gbé ìbọn tiẹ̀ sókè, ẹran náà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ Dèjì kan nísàlẹ̀ orúnkún. Ní ọsibítù, Ládépọ̀ sọ gbogbo òótọ́. Fẹ̀hìntọlá, tó ti wọkọ̀ òfuurufú wá láti Houston, kò wo apá ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Dèjì ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀ bá sọ fún mi, Bọ̀ọ̀dá. Ǹ bá gbé ìbọn tèmi fún yín. Mi ò ní rẹ́rìn-ín."

Ládépọ̀ bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìbọn tí èjìká yín lè gbà ni kí ẹ rà, ọta tó bá ẹran mu ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì dán méjèèjì wò. Tó bá ń dùn yín, ẹ sọ. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń pa ìrora mọ́ra nítorí ojú ayé. Ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí lè gbàgbé tó bá dọ̀la. Ẹsẹ̀ Dèjì kò ní hù mọ́.