Fíìmù tí Ìyá Ṣọ́jà Fẹ́ràn

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó tì mí, kẹ́ ẹ gbọ́ ti Ìyá Ṣọ́jà, ará Itamaga.

"Sáré, ọkọ mi! Bọ́ǹbù fẹ́ bú!"

Ìyá ló ń pariwo sí tẹlifíṣọ̀n. Amí ìjọba ló ń lé àwọn agbésùnmọ̀mí nínú fíìmù. Àwọn aládùúgbò ń fi Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ ẹ̀.

Bọ́ǹbù bú, amí náà kú. Kálukú dìde, "Ìyá, a ti yó o!" Wọ́n gbalé wọn lọ tayọ̀tayọ̀.

Lateefat, ọmọọmọ ẹ̀, fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n.

"Má pa á!"

"Ìyá àgbà, ìbọn ti tán o. Kí lẹ tún ń wò?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìbọn ni mò ń wò?"

Nínú fíìmù, ìyá amí náà ti kúnlẹ̀ síbi sàréè ọmọ ẹ̀.

Ìyá sọ fún Lateefat pé, "Ọdún kẹfà rèé tí bọ́ǹbù pa bàbá ẹ ní Borno. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Wọn ò júwe ẹ̀ fún mi."

Ìyá gbọ́wọ́ lé sàréè inú tẹlifíṣọ̀n náà, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

"Sùn, ọkọ mi, ìyá ẹ ti dé."