Ìjókòó Tó Jin

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má tún nǹkan onínǹkan ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìfẹ́ ló mú yín ṣe é.

Ojoojúmọ́ ni Adébùsóyè ń fi takisí rẹ̀ kó èrò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó.

Ìjókòó dírẹ́bà ti jin bí ihò. Ìrora ń ta á láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti wá ń tiro.

"Ìjókòó yìí ló ń pa yín," ni dókítà wí.

Ayọ̀délé tó ń rán ìjókòó mọ́tò l'Óǹdó náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n pààrọ̀ fóòmù yìí. Àbí ẹ ti fẹ́ ẹ níyàwó ni?"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Adébùsóyè ò rẹ́rìn-ín.

"Má fọwọ́ kàn án."

Lọ́sàn-án òní, abẹ́rẹ́ dókítà gbé e sùn. Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, ní kí àbúrò òun wa ọkọ̀ náà lọ bá Ayọ̀délé.

Bó ṣe jí, Ìbídùn fà á lọ́wọ́ jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Dádì, ẹ jókòó, ẹ wò ó."

Ó jókòó. Fóòmù tuntun gbé e sókè. Ìbàdí ò dùn ún rárá.

"Fóòmù àtijọ́ dà?"

"Wọ́n ti dáná sun ún."

Adébùsóyè gbórí lé sítíárìn.

Gbémiga, àkọ́bí wọn, ló wa ọkọ̀ yìí fún ọdún mẹ́fà kó tó kú. Ara rẹ̀ ló tẹ ìjókòó náà jin. Òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹbí ò fi sàréè rẹ̀ han òbí, wọ́n sì kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ.

Inú ihò yẹn nìkan ló kù tí bàbá ti ń bá ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Dádì, ṣé ó ṣì ń dùn yín ni?"

Ó wo ojú ìyá ọmọ náà.

"Kò dùn mí mọ́. Má bi mí ní nǹkan kan mọ́."